Kóró ẹpọ̀n ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà ni kò sí: ìdáhùn fún ọkọ tí àyẹ̀wò àtọ̀ rẹ̀ já sí òdo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ó di ọdún kẹrin tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wá ọmọ. Mo ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òdo ni sípáàmù tí wọ́n rí. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ àkóràn, mo mu àgbo títí, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló ní kí n jẹ́ kí wọ́n yẹ jíìnì mi wò. Èsì dé pé CFTR ló ní àbùkù: wọ́n kọ 3120+1G>A sí ẹ̀dà kan, wọ́n kọ 5T, TG12 sí ẹ̀dà kejì. Wọ́n ní transporter ni jíìnì náà, pé ohun tó ń mú jáde kò tó. Báwo ni ohun tó ń gbé iyọ̀ ṣe wá kan ọmọ bíbí? Bàbá mi bí méje, èmi náà kì í wúkọ́, mo sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé oògùn wà tó lè ṣí ọ̀nà? Bí a bá sì rí ọmọ bí, ṣé kò ní jogún un? Màmá mi ti ń dá ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì sílẹ̀. Mo tún ní àbúrò ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì ṣeun tí ẹ fi ẹ̀dà èsì yín ránṣẹ́. Òdo yẹn ni gbogbo èèyàn tẹjú mọ́. Èmi kọ́kọ́ wo ìlà mẹ́ta tó wà lókè rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀n àtọ̀ yín jẹ́ mílílítà 0.6, bẹ́ẹ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà àjọ WHO tó jáde lọ́dún 2021 fi 1.4 ṣe ààlà ìsàlẹ̀. pH rẹ̀ jẹ́ 6.4, ó ti bọ́ sápá ásíìdì; àtọ̀ tó pé kì í sábà wà lábẹ́ 7.2. Wọn ò sì rí ṣúgà fúrúkítóòsì kankan nínú rẹ̀. Lójú ìwé kan náà, FSH yín, họ́mónù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún kóró ẹpọ̀n, wà níbi tó yẹ kó wà, ìwọ̀n kóró ẹpọ̀n yín náà sì pé.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin rò pé inú kóró ẹpọ̀n ni gbogbo omi àtọ̀ ti ń wá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wá láti ibẹ̀. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta omi náà ló ń ti inú àpò kékeré méjì kan jáde, lẹ́yìn àpò ìtọ̀. Àwọn àpò yìí ló ń fi ṣúgà sínú àtọ̀, àwọn náà ni kì í jẹ́ kó di ásíìdì. Èyí tó kù, ti prostate, ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi tirẹ̀ sì ní ásíìdì díẹ̀. Nítorí náà, bí omi bá kéré, tó bọ́ sápá ásíìdì, tí kò sì sí ṣúgà, ó ti hàn pé omi prostate nìkan ló dénú ìgò àyẹ̀wò. Inú oyún ni àpò méjì yẹn àti ọ̀nà àtọ̀ ti jọ hù láti orísun kan náà. Ibi tí ọ̀kan kò bá ti sí, èkejì kì í sábà pé.

Ká ní àtọ̀sí tàbí àkóràn mìíràn ló dí yín lọ́nà, ìtòsí kóró ẹpọ̀n ló sábà máa ń dí. Àwọn àpò kékeré yẹn ì bá ṣì máa tú omi wọn jáde, ìwọ̀n ì bá pé, ṣúgà ì bá sì wà. Mi ò dá ẹni tó kọ oògùn àkóràn fún yín lẹ́bi tán, torí nílẹ̀ wa níbí, àkóràn ló dí ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn yín.

Àyẹ̀wò náà kò gbówó, kò sì gba àkókò. Ọkùnrin yóò dúró nínú yàrá tí kò tutù, dókítà yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di okùn tó so kóró ẹpọ̀n rọ̀ mú, yóò sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka. Nǹkan rírọ̀ ló pọ̀ nínú okùn náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ẹran. Láàárín wọn ni ohun kan máa ń wà tó le, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ń yọ̀ bọ́ lábẹ́ ìka. Ọ̀nà àtọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti kàn án rí lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mọ̀. Bí dókítà bá wá a lápá ọ̀tún tí kò kàn án, tó wá a lápá òsì tí kò kàn án, ó ti mọ àrùn náà kó tó ní kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó mọ̀ nípa àrùn ọkùnrin ṣe é fún yín lọ́sẹ̀ yìí, kó fi ọwọ́ jẹ́rìí sí ohun tí jíìnì ti sọ. CBAVD ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn: àìsí ọ̀nà àtọ̀ lápá méjèèjì látinú oyún. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tí kò rọ́mọ bí, ẹnì kan tàbí méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iyọ̀. Lọ́dún 1989 ni Lap-Chee Tsui àti John Riordan ní Toronto, pẹ̀lú Francis Collins ní Michigan, rí jíìnì CFTR lórí kúrómósóòmù keje. Ìdí cystic fibrosis ni wọ́n ń wá, àìsàn tó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí kì í sì í jẹ́ kí oúnjẹ dà dáadáa nínú. Pròtéènì tí jíìnì náà ń ṣe wà lára agbo ilé ABC, àwọn tó ń gbé nǹkan wọlé jáde nínú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n CFTR kì í gbé ẹrù lórí, oníbodè ni. Ara sẹ́ẹ̀lì ló dúró sí, yóò ṣílẹ̀kùn fún kílóráìdì, tó wà nínú iyọ̀, àti báikábónéètì láti jáde, omi yóò sì tẹ̀ lé wọn. Omi yẹn ló ń jẹ́ kí ojú ọ̀nà tóóró inú ara máa tutù, kí ohun tó wà nínú wọn sì máa ṣàn.

Ọ̀nà àtọ̀ wà lára ọ̀nà tó tóóró jù lọ nínú ara ọkùnrin. Ihò inú rẹ̀ kéré gan-an nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Bí CFTR kò bá tú iyọ̀ jáde, omi kò ní wá, ohun tó wà nínú ihò náà yóò ki, yóò lẹ̀, yóò dí i. Ohun tí a gbà ni pé ọ̀nà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù yóò wá rọ dànù kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Kóró ẹpọ̀n kò gbára lé ọ̀nà yìí láti ṣe sípáàmù, ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń ṣiṣẹ́ láìsí ìṣòro. Nínú ogún ọkùnrin tó ní cystic fibrosis, ó tó mọ́kàndínlógún tí kò ní ọ̀nà àtọ̀.

Ẹ̀yin kò ní cystic fibrosis. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ kì í wúkọ́, pé ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Báwo ni jíìnì kan náà ṣe dá àyà sí, tó wá ba ọ̀nà àtọ̀ jẹ́? Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú ìbéèrè yín.

Kí sẹ́ẹ̀lì tó ṣe pròtéènì, yóò kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ inú jíìnì kọ sórí RNA, ìwé iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń kà, yóò gé àwọn apá tí kò wúlò kúrò, yóò sì so èyí tó kù pọ̀. Àbùkù yín méjèèjì, ibi gígé àti síso ni wọ́n wà. 3120+1G>A jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, G tó di A, ní etí ibi tó yẹ kí wọ́n ti gé. Sẹ́ẹ̀lì kò wá mọ ibi tí yóò gé mọ́, ẹ̀dà yẹn kò sì lè ṣe pròtéènì tó wúlò. Ìran aláwọ̀ dúdú ni àyípadà yìí ti wọ́pọ̀, nílẹ̀ Áfíríkà àti láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà. Ní ti àwọn òyìnbó, F508del ni tiwọn tó gbajúmọ̀.

5T yàtọ̀ sí i. Ibì kan wà nínú jíìnì náà tí lẹ́tà T ti tò tẹ̀ léra. Méje ló pọ̀ jù lọ́wọ́ èèyàn, àwọn mìíràn ní mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ márùn-ún, ẹ̀rọ tó ń gé RNA máa ń fo odindi apá kan tó ń jẹ́ exon 9 nínú ìwé àtijọ́, pròtéènì tó bá sì jáde láìní apá yẹn kò wúlò. Kì í fò ó nígbà gbogbo o. Nígbà mìíràn yóò so ó pọ̀ dáadáa, pròtéènì gidi yóò sì jáde, àmọ́ kò ní pọ̀. Ìyẹn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n sọ fún yín pé ohun tí jíìnì náà ń mú jáde kò tó. TG tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ bí fífò náà ṣe máa pọ̀ tó: mọ́kànlá kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti di méjìlá bíi tiyín, tàbí mẹ́tàlá, fífò náà á pọ̀ sí i.

Lọ́dún 1997, àwọn olùwádìí ní Toronto fi RNA tí wọ́n rí nínú imú àwọn ọkùnrin wé èyí tí wọ́n rí nínú ọ̀nà àtọ̀. Èyí tó pé nínú imú pọ̀ ju ti ọ̀nà àtọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé 5T kan náà, lára ẹnì kan náà, kì í ṣe ohun kan náà níbi gbogbo. Imú àti àyà rí ìwọ̀n tó tó wọn lò. Ọ̀nà àtọ̀ ni kò rí i tó. Síbẹ̀, ẹ má fojú di àyà yín. Bí ẹ bá ń ní kàtá tí kì í lọ, tàbí inú rírun líle tó ń ta dé ẹ̀yìn, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ní àyípadà CFTR méjì. Ó máa ń hàn díẹ̀díẹ̀ lára àwọn kan bí ọjọ́ ti ń lọ.

Bàbá yín bí méje torí ẹ̀dà kan péré ló bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan tó dára sì tó ọkùnrin. Ọmọ Yorùbá tó bá ti ṣe jẹ́nótáìpù kó tó gbéyàwó ti mọ ìṣirò yìí: AS kì í ṣàìsàn. Ẹ̀dà kan wá látọ̀dọ̀ bàbá, èkejì látọ̀dọ̀ màmá, ẹ̀yin lẹ gba méjèèjì tó ní àbùkù. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ yín, kò sì sí ohun tí ẹ jẹ tàbí tí ẹ mu tó fà á.

Ní ti oògùn, àgbo kò lè mú kí ọ̀nà tí kò sí hù, antibáyọ́tíìkì náà kò sì lè mú un hù. Ẹ dáwọ́ méjèèjì dúró, ẹ jẹ́ kí kíndìnrín yín sinmi. Àwọn kan á sọ fún yín nípa oògùn òyìnbó tuntun, bí ivacaftor tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2012, àti Trikafta tó tẹ̀ lé e ní 2019. Oògùn gidi ni wọ́n fún aláìsàn cystic fibrosis, ṣùgbọ́n ara pròtéènì tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí. Wọn kò lè ṣe nǹkan sí ẹ̀dà tí kò mú pròtéènì jáde, wọn kò sì lè dá ọ̀nà tó ti rọ dànù padà. Lọ́dún 2019 kan náà, ìròyìn jáde pé wọ́n fún ẹranko ferret abo ní ivacaftor nígbà tó lóyún, ó sì dáàbò bo ọ̀nà àtọ̀ àwọn ọmọ akọ rẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ó fi hàn pé inú oyún ni ogun náà ti ń jà. Fún ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, àsìkò yẹn ti kọjá. Bákan náà ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so ọ̀nà tó já pọ̀: ẹni tó bá ní òun á ṣe é fún yín, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ so mọ́ kí ni.

Ẹ ó bímọ tara yín, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà. Sípáàmù wà lẹ́yìn ibi tí ọ̀nà ti pin. Apá òkè epididymis, ọ̀nà lílọ́ tó lẹ̀ mọ́ kóró ẹpọ̀n, sábà máa ń wà lára àwọn ọkùnrin bíi tiyín, sípáàmù a sì kún inú rẹ̀. Dókítà yóò fi oògùn pa ibẹ̀ kú, yóò fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ jáde. Bí kò bá rí i níbẹ̀, yóò mú ègé kékeré lára kóró ẹpọ̀n fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó bá kù pamọ́ sínú òtútù líle, kí ẹ má bàa tún dùbúlẹ̀ nígbà mìíràn. Sípáàmù tí a fà jáde báyìí kì í pọ̀, kò sì tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa, kò lè wọ ẹyin obìnrin fúnra rẹ̀. ICSI ló yanjú ìyẹn: wọ́n á mú sípáàmù ẹyọ kan, wọ́n á gún un wọ inú ẹyin ẹyọ kan. Brussels ni Gianpiero Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ròyìn oyún àkọ́kọ́ tó tibẹ̀ wá, lọ́dún 1992. Lónìí wọ́n ń ṣe é ní Èkó, ní Àbújá àti ní Ìbàdàn yín níbẹ̀. Ó gbówó lórí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ orí ìyàwó yín ló sì máa pinnu bó ṣe máa yọrí sí ju ohunkóhun tó wà lára yín lọ. Ẹ má fi ọdún méjì míì ṣòfò lórí àgbo.

Ẹ bá mi jíṣẹ́ fún Màmá pé, bí ẹ bá fẹ́ obìnrin mẹ́wàá, àtọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa rí. Kò sí ẹni tó tíì rí àbùkù kankan lára ìyàwó yín. Bí ó bá ṣòro fún yín láti sọ, ẹ mú wọn wá sílé ìwòsàn, kí dókítà sọ ọ́ lójú wọn. Mo ti rí i tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ parí níbẹ̀ ju bó ṣe ń parí ní pálọ̀ lọ.

Kí ẹ tó ṣe ICSI, ìyàwó yín gbọ́dọ̀ yẹ CFTR tirẹ̀ wò. Ẹ má gba àyẹ̀wò tó ń wá ìwọ̀nba àyípadà díẹ̀ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Ó lè fo ti ọmọ Yorùbá kọjá, kó sì sọ fún yín pé kò séwu. Ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo jíìnì náà, kí wọ́n wo iye T àti TG, kí wọ́n sì wò ó bóyá apá kan rẹ̀ gé kúrò. Bí kò bá ní àyípadà kankan, gbogbo ọmọ yín yóò gba ẹ̀dà kan tó ní àbùkù lọ́wọ́ yín àti ọ̀kan tó dára lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sí aláìsàn nínú wọn. Bó bá ní àyípadà líle kan, irú 3120+1G>A tiyín, nínú ọmọ mẹ́rin, ẹnì kan lè gba líle yín àti líle rẹ̀, cystic fibrosis nìyẹn. Ẹlòmíràn lè gba 5T yín àti líle rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ó lè rí bíi tiyín. Àwọn méjì tó kù yóò gba ẹ̀dà tó dára látọ̀dọ̀ ìyá wọn. Ìṣirò ni o. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta ayò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn lè yẹ ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ.

Ẹ ya skáànù kíndìnrín pẹ̀lú. Àwọn kan tí ọ̀nà àtọ̀ wọn kò hù kì í ní ju kíndìnrín kan lọ. Ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí CFTR wọn kò ní àbùkù, nítorí náà mi ò retí rẹ̀ lára yín, ṣùgbọ́n skáànù kò wọ́n.

Ẹ tún lè kà nípa jíìnì mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ̀rù má bà yín. Kò sí èyí tó kàn yín nínú wọn.

Àbúrò yín ló kù. Bó bá jẹ́ pé ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ọmọ bàbá, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìrètí pé òun náà gba méjèèjì. Bó tilẹ̀ gbà wọ́n, ó lè máà rí bíi tiyín, torí 5T kì í mú gbogbo ẹni tó bá wà lára rẹ̀. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ ná. Bí ìwọ̀n bá pé tí sípáàmù sì wà, ọ̀nà rẹ̀ ṣí. Ó ṣì lè máa gbé ẹ̀dà líle náà kiri bí AS, nítorí náà kó ṣe àyẹ̀wò jíìnì pẹ̀lú, kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sì ṣe tirẹ̀ bí wọ́n bá rí i lára rẹ̀. Àyípadà méjì péré yẹn ni kí wọ́n wá lára àbúrò yín, owó rẹ̀ kò ní tó ti kíka gbogbo jíìnì. Ẹ fún un ní ẹ̀dà èsì tiyín kó mú u lọ. Láìsí i, ilé àyẹ̀wò náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.